Ọjọ́ Tí Mo Dáná Sí Oko Kajú Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Èéfín kajú kì í ṣe èéfín igi lásán. Epo kan wà nínú èèpo ọmọ rẹ̀ tí ó máa ń bó ènìyàn lára. Bí iná bá mú epo náà, èéfín rẹ̀ á dúdú, á ki, á sì máa ta ènìyàn lójú bí ẹni pé wọ́n bu ata sí i. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan kajú lẹ́bàá ọ̀nà Ayétòrò, ìborùn ni mo fi ń bo imú, ọwọ́ ọ̀tún mi á sì lọ di èjìká òsì mú. Àpá kan wà níbẹ̀, ó gùn, ó sì le bí okùn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé ìwé máa ń béèrè ohun tó ṣe é, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé àdá ló bà mí níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo wọlé ọkọ ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀gùá, níbi tí ààlà orílẹ̀-èdè kò ti jìnnà, tí àwọn ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti òdìkejì máa ń kí wa ní "bọ̀ǹjúù" kí wọ́n tó rántí pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Òmíràn jẹ́ alámọ̀, òmíràn jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Páànù ló bo gbogbo wọn, àmọ́ koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni a fi bo ọ̀pọ̀ ilé ìdáná. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìkángun abúlé, mo sì gbà nínú ọkàn mi pé kò sí ẹni tó mọ̀wé tó mi láti ibẹ̀ títí dé Ìlaròó. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìdí-Ìrókò, ọjọ́ kan péré ló ń lò nílé lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ni mo bá gbé jù.

Ìyá ọkọ mi ti dàgbà. Orúnkún ti dá wọn jókòó, orí àga kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn tí baba wọn kú. Ènìyàn líle ni wọ́n, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbin oko kajú tó wà lẹ́yìn àwọn ilé wa, wọ́n pọn omi sí ìdí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn títí ó fi dúró. Ìyàwó wọn ni mò ń pè ní Ìyálé. Àwọn ló fi oko hàn mí, tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kò fi ní bínú, tí wọ́n sì ń di irun mi ní gbogbo ọ̀sán Àìkú. Bí ìnira bá bá mi nílé ọkọ nígbà náà, orí itan Ìyálé ni mo máa ń sunkún sí.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ní òfin kan tí wọn kò fi ṣeré. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo abúlé gbọ́dọ̀ ro àyíká ilé títí ilẹ̀ á fi hàn pupa, kí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí páànù, kí wọ́n kó igi ìdáná jìnnà sí ara ògiri, kí omi sì kún gbogbo àgbá. Iná oko ti jó abúlé tí wọ́n bí wọn sí rí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, gbogbo ènìyàn ṣe é, àfi èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Èmi ti kà nínú ìwé pé tí a bá fi ewé gbígbẹ bo ìdí ata, ọ̀rinrin kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Mo bá kó ewé kajú jọ ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ata mi láti ẹ̀yìn ilé ìdáná dé etí oko. Màmá ní kí wọ́n gbé àga àwọn dé ibẹ̀ kí àwọn lè fi ojú ara wọn rí i.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹní lo tẹ́ sílẹ̀ fún iná yìí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ata náà sì dára lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ní ti Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n gé ìlà kajú méjì tó sún mọ́ ilé jù, kí àyè lè wà láàárín igi àti òrùlé. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa ni, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ká a lọ́dún yìí ná. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, tí ọmọdé bá gun igi kò lè rí i, ṣùgbọ́n èmi wà lórí ìwé, Ẹ̀gbọ́n wà lórí kajú, kò sí ẹni tó bojú wolẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Sátidé ni, a kò lọ sílé ìwé. Láti àárọ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ láìsinmi, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo rí àwọn àwòdì tí wọ́n ń yí po lókè, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe ń rí wọn lọ, wọ́n ń já wálẹ̀ lójijì, wọ́n sì ń tún gòkè. Ọdẹ ni bàbá mi, ní agbègbè Áfọ̀n. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sígbó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà mo mọ̀ pé kòkòrò tí iná ń lé jáde ni àwòdì ń pa jẹ. Kò pẹ́ tí èéfín yọ láti òdìkejì odò tó wà lẹ́yìn oko kajú, tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀yà méjì sáré gba àárín agbo ilé wa kọjá lójú gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé igi lé wọn. Ẹni tó dá iná náà, a kò mọ̀ ọ́n di òní.

Ẹ̀gbọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò tútù lọ́wọ́, àwọn méjì gbé páǹpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko kọ́ ẹ̀yìn, omi ló kún inú rẹ̀. Wọ́n lọ pàdé iná náà nínú èèsún tó ga ju ènìyàn lọ. Láti ibi tí a dúró sí ni a ti ń gbọ́ ọ. Kì í dún bí iná ìdáná rárá, ó ń bú ramúramù, ó sì ń ta bí ìbọn bí èèsún ṣe ń bẹ́. Kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ọkùnrin náà fi ń sáré padà bọ̀. Ṣòkòtò ti ń jó lára ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gun ọ̀kadà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀, ó kàn ń sáré ni, iná sì ń sáré pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò náà, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a jáde. N kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin ké bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wo iná náà, mo wo oko kajú. Tí iná bá fi lè fi agbára wọ inú kajú yẹn, orí igi ni yóò máa gbà bọ̀ wá bá wa, kò sì sí ilé kan tí yóò ṣẹ́ kù. Ohun tí bàbá mi fi hàn mí sọ sí mi lọ́kàn. Bí iná ńlá bá sún mọ́ tòsí, ó máa ń fa èémí bí ẹranko. Afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ á yí padà, á máa fẹ́ lọ sọ́dọ̀ iná náà fún ìgbà díẹ̀. Bí ènìyàn bá dáná tirẹ̀ ní etí ilé ní àkókò yẹn gan-an, iná kékeré á jẹ lọ bá ti ńlá, tí àwọn méjèèjì bá sì pàdé, kò ní sí nǹkan kan mọ́ tí wọ́n á jẹ. Mo bu eérú sókè. Afẹ́fẹ́ ṣì ń gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì.

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbédè mi. Wọ́n ní kì í ṣe kajú àwọn ni n ó dáná sí, àti pé àwọn á fi omi pa á. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi létí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbá mi nílé ọkọ nìyẹn, wọ́n sì kọjú sí àwọn ọkùnrin, wọ́n ń pàṣẹ kí wọ́n kó gbogbo páǹpù jọ.

Mo dìde, etí mi ń ho, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà Màmá pé kí n gbé wọn sá. Màmá di apá àga mú, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ibo ni mo fẹ́ gbé àwọn sá sí, ṣé ẹsẹ̀ mi yá ju iná lọ ni. Wọ́n béèrè ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ, mo sì sọ ọ́.

Màmá yí ojú sí oko kajú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Èmi ni mo bí i. Dá a."

Mo wọ ilé ìdáná wọn, mo fi àkísà wé igi, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo sì fi tanná lára ẹ̀yinná tó wà nínú àdògán. Àsìkò tí mo wà nínú ilé ìdáná yìí ni ohun tí n kò mọ̀ ṣẹlẹ̀. Páǹpù kan ṣẹ́ kù nínú ahéré tó wà láàárín oko kajú. Ẹ̀gbọ́n ní kí Ìyálé sáré lọ gbé e wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé tó kẹ́yìn ní ìhà ilé ìwé, mo ń sáré bọ̀, mo ń fi ògùṣọ̀ kan koríko àti ewé tó wà ní ìdí ìlà kajú àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ti yí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ibi tí mo bá fi kàn ni iná ń gbà, tó ń tẹ̀ síwájú, tó ń fi ilé sílẹ̀ lẹ́yìn bí bàbá mi ṣe sọ. N kò ní purọ́, inú mi dùn. Ojú ń ta mí, ẹ̀gbẹ́ irun mi ti jó, àmọ́ inú mi dùn bíi ti ọmọdé tí ìṣirò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilé kan, ilé méjì, ilé márùn-ún, mo ń yọ wọ́n lẹ́nu iná. Ó ku ilé méjì, tèmi àti èyí tó ṣìkejì rẹ̀, nígbà tí mo rí Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Ẹnu wọn là sílẹ̀. Iṣan ọrùn wọn le. Mo rí i pé wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n iná ńlá ti wọ kajú láti òdìkejì, ariwo rẹ̀ ti bo gbogbo nǹkan. Lọ́kàn mi, mo ní kajú wọn ni, kajú náà ni wọ́n ń sọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo na ògùṣọ̀ sí ìdí igi tó kàn.

Àdá náà bà mí léjìká. Kò dùn mí lójú ẹsẹ̀, ó kàn tutù ni. Ọwọ́ mi ṣí fúnra rẹ̀, ògùṣọ̀ bọ́ sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ọkùnrin méjì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fò mọ́ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù wọ́n lójú, ọ̀kan ń ké pé ṣé torí igi ni wọ́n fẹ́ pa ìyàwó àbúrò wọn. Ẹ̀gbọ́n bu ọ̀kan jẹ ní apá, wọ́n já ara wọn gbà, wọ́n sì sáré wọ inú oko kajú láti àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé mi, èyí tí n kò tíì dáná sí. Gbogbo wa rò pé orí wọn ti yí.

Nígbà náà ni ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí fún mi. Ó ní, "Ìyálé rẹ wà nínú ibẹ̀."

Mo fẹ́ wọlé tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dì mí mú, ẹ̀jẹ̀ mi ń yọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Iná kékeré tí mo dá àti iná ńlá pàdé lójú wa. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ya aṣọ ńlá, ọwọ́ iná dìde lókè gbogbo igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nítorí kò rí nǹkan jẹ mọ́. Àyè tó wà lẹ́yìn ilé mi nìkan ló ṣí sílẹ̀. Láti àyè náà ni Ẹ̀gbọ́n ti jáde, Ìyálé wà lẹ́jìká wọn bí àpò gààrí. Aṣọ ti jó mọ́ ẹ̀yìn Ìyálé lára. Páǹpù náà ṣì wà lọ́wọ́ Ìyálé. Wọ́n dì í mú débi pé ìka kan kò ṣeé tú, ike rẹ̀ ti yọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Láti àyè yẹn kan náà ni iná ti tẹ̀ lé wọn jáde. Ó dé orí ewé tí mo tẹ́ sí ìdí ata, ó sáré gba orí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún, ó mú bẹ́ẹ̀rẹ̀ ilé ìdáná, ó mú ilé mi, ó sì mú èyí tó ṣìkejì rẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án tó kù dúró. Màmá wà lórí àga wọn, eérú bo orí wọn bí ìyẹ̀fun.

Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó wa sí lọ sí Ayétòrò: ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà, Ìyálé àti èmi. Ìyálé dùbúlẹ̀ lórí ikùn, wọn kò sunkún, wọ́n kàn ń béèrè omi. Ẹ̀gbọ́n jókòó ní ìdí orí wọn, ojú wọn wú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ ní imú wọn. Wọn kò wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin náà kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìyálé lo oṣù mẹ́rin lórí ibùsùn. Wọ́n yè, àmọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì lè di irun ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí mo padà dé abúlé, àwọn ènìyàn ń yìn mí. Ọmọ ọdẹ, ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ mi kọ́ ilé mìíràn, wọ́n wá ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. N kò mọ ibi tí n ó fi ojú sí. Bí mo bá ti parí dídá iná náà bí mo ṣe fẹ́, gbogbo ilé mọ́kànlá ni ìbá dúró, Ìyálé nìkan ni kì bá jáde. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Ìyálé, n kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Wọ́n ní kí n dìde, pé èéfín ti bo gbogbo wa lójú lọ́jọ́ náà, kí n wá bá àwọn bu omi. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń di irun Ìyálé.

Ẹ̀gbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ fún mi, ọmọ ni wọ́n ń rán. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn sí ibi tí mo wà, kì í ṣe sí èmi. Mo gbà á bí ẹ̀tọ́ mi. Wọn kò gbin kajú sí ẹ̀yìn ilé mọ́, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà tó kúrú ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ láàárín oko àti ilé. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Nígbà tí Màmá kú, ilẹ̀ ní àyíká ilé wọn mọ́ débi pé àwọn àlejò rò pé nítorí ìsìnkú ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan ni a bá ara wa lẹ́yìn ilé, a ń ro. Wọ́n ti darúgbó. Ọkọ́ wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ro ilẹ̀ kọjá wọn nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n pè mí ní Ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń pè mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni.

Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ iná yẹn, ṣé o gbọ́ ohun tí mò ń pariwo?"

Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu yín ni mo rí. Mo rò pé kajú lẹ̀ ń sọ."

Wọ́n nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú ọkọ́ wọn. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé o gbọ́." Lẹ́yìn náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ro, èmi náà sì ń ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí a fi dé ìparí ìlà náà.

Òótọ́ ni mo sọ. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí mo bá jókòó ní èmi nìkan, mo máa ń bi ara mi pé bí mo bá ti gbọ́ ńkọ́, pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, tí ilé méjì péré ṣẹ́ kù, tí ìyá arúgbó tí kò lè rìn jókòó lẹ́yìn mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rò pé ǹ bá dúró. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò béèrè.